Aṣọ Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí inú àdúgbò kan ṣe rí, kó fi àwọn tó ń pariwo lórí rédíò sílẹ̀, kó lọ bá alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ló mọ ẹni tó ríṣẹ́ àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló mọ ilé tí ọkọ àti ìyàwó ò ti sùn sójú kan mọ́, torí aṣọ ibùsùn méjì ló ń jáde níbi tí ọ̀kan ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Ẹnu lè purọ́ títí itọ́ á fi gbẹ níbẹ̀, aṣọ ò mọ irọ́ í pa.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní àǹtí, ló ni ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà ní ìkòríta, òun ló sì ti ń bá a lọ aṣọ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Jẹ́jẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí ohùn rẹ̀ kì í ròkè; bí inú bá bí i gan-an, ńṣe ló máa ń lọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìdìbò, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó dúró síwájú ọ̀pá tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, ó ń wo òwú pupa, òwú búlúù, òwú aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń sàmì sí ọrùn aṣọ kí ti ilé kan má baà bá ti ilé kejì lọ. Ó kà á tán, ó tún un kà.

Ilé mẹ́tàlélógún péré.

Àdúgbò náà ní ìwà kan. Wọn kì í wọ aṣọ tó rún lọ dìbò. Lójú wọn, ẹni tó fẹ́ yan olórí ò gbọdọ̀ dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti tò dìbò, aṣọ rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, torí òfin àǹtí ni pé aṣọ tí kò bá wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò ní jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nínú ọgọ́rùn-ún ilé, àádọ́rùn-ún ló gbé aṣọ wá. Wọ́n fi aṣọ kọ́ ojú fèrèsé, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àǹtí fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ aṣọ kọjá bí ewúrẹ́ tó ń yọ́ wọ ọgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, atẹ́gùn ń gba àárín háńgà kọjá fàlàlà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ tó ń lọ aṣọ bí Ààrẹ bá padà wọlé tàbí kò padà. Ó kàn án. Bí àdúgbò ò bá jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ń lọ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, òun á sì ṣẹ́kù.

Ẹni tó bá fẹ́ fo kòtò á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá Jẹ́jẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà lẹ́yìn àdúgbò. Òun ló máa ń fa okùn fèrè tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Fèrè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, fèrè dákẹ́, orúkọ ò dákẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń du ipò Ààrẹ dé, ó dúró lórí ọkọ̀, ó ní bí òun bá wọlé, ọdún ò ní yípo kí fèrè yẹn tó dún. Omi bọ́ lójú Bàbá Fèrè níṣojú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ kejì ló ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yin ọkùnrin náà lọ títí. Gbólóhùn kan ló ń sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo: "Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo dúró fún un."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ran bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e, òun ló ń lẹ bébà tí wọ́n ya ojú olùdíje náà sí káàkiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: Aránbàtà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àtè tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá yà sí ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun ní sítáàṣì díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló bá nídìí ìkòkò. Ó kìlọ̀ fún un pé sítáàṣì tó bá ki jù máa ń mú ọrùn aṣọ gan, kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè yíjú wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọkùnrin yín rí?"

"Ẹ ṣáà pò ó kó ki," ni Aránbàtà dáhùn. "Ohun tí mo bá ti lẹ̀, mi ò fẹ́ kó ṣí mọ́."

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pé sítáàṣì ti tán. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, àǹtí yọjú wo inú korobá rẹ̀, ó rí i pé ti àná ṣì wà níbẹ̀ dé ìdajì. Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó wo ọmọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ojú ògiri lò ń lẹ nǹkan mọ́ ni, àbí ìwọ alára lo ti ń lẹ̀ mọ́ ibí?" Jẹ́jẹ́ ló lọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe pé inú ń bí i.

Olùdíje náà wọlé, ó di Ààrẹ. Àdúgbò jó. Òjò ọdún mẹ́rin rọ̀ lu àwọn bébà yẹn, wọn ò ṣí. Sítáàṣì Jẹ́jẹ́ ti di wọ́n mú pinpin. Oòrùn kàn ń pa ojú inú wọn rẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ọdún kìíní yípo, fèrè ò dún. Bàbá Fèrè ní sùúrù ni baba ìwà. Ọdún kejì, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà wọ inú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kó ẹ̀rọ ìhunṣọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bàbá Fèrè ní bóyá wọ́n fẹ́ lọ tún un ṣe ni. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọn ò fèsì. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ àti Aránbàtà ti dọ́rọ̀ ilé, bàbá mọ̀, ó sì ń pe ọmọkùnrin náà ní "ọmọ mi." Wọ́n ti mú ọjọ́ tí ẹbí ọkọ máa wá tọrọ ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, nínú ọdún kẹta, ẹgbẹ́ òṣèlú Ààrẹ ṣe ìpàdé nínú ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn nígbà tó kọjá múra láti tún kàn án. Aránbàtà dìde, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ó ní òun ò ní ohun tí òun máa wí lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí Bàbá Fèrè lórí àga iwájú, ojú sì ti àgbàlagbà náà bí ẹni tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀ níta.

Nígbà tó délé, ó pe Jẹ́jẹ́. Ó ní kí ẹbí ọkọ má wulẹ̀ wá mọ́.

"Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa," ló wí. "Ẹni tí ọdún mẹ́rin ò tíì pé tó ti sú, ogójì ọdún ńkọ́? Ìgbéyàwó ò yàtọ̀ sí i. Ìlérí ni. Ọjọ́ tó bá korò lẹ́nu rẹ̀, á dìde láàárín ìpàdé pé kí wọ́n yọ orúkọ òun."

Ohun tó ń dun Jẹ́jẹ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, bó bá jókòó ti Aránbàtà, ọ̀rọ̀ náà á máa rìn nínú rẹ̀ bí èèrà inú ṣúgà. Bí ó bá sú u ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ò yà síbi bàtà mọ́. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú ilé-ẹ̀kọ́, á gba òdìkejì títì, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Ó wá ku oṣù kan kí wọ́n dìbò, lẹ́tà dé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàtà ní ìlú ńlá, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ibẹ̀, ní kí Aránbàtà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìdìbò ni wọ́n dá fún un. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ jẹ́ kí àwọn jọ lọ, bí bàbá fẹ́ bí bàbá kọ̀. Jẹ́jẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú, ohun kan ṣoṣo ló sì bẹ̀ ẹ́: kó má fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fi ẹnu gbà á. Adìẹ ló bà lókùn yìí: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àǹtí wá di alárinà. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó lọ fúnra rẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wákàtí méjì ló lò níbẹ̀. Ó dé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Ó wá ròyìn rẹ̀: ẹ̀gbọ́n òun ní ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin náà sọ nínú ìpàdé ló kó àárẹ̀ ran àdúgbò. Bí wọ́n bá jáde bí wọ́n ṣe jáde lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò ba nǹkan jẹ́, kó wá mú ìyàwó rẹ̀. Bí wọn ò bá jáde, kó dá lọ.

"Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ yín ni àbí àpótí ìbò?'" ni àǹtí wí. "Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé kékeré ẹ̀ jáde, ó ní ilé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ti fún òun lẹ́nu, pé kí n má mikàn. Mo wò ó. Gbogbo ẹni tó bá ti ní 'A ti gbọ́, Bàbá,' máàkì ló fi síbẹ̀. Ta ni yóò rí àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ kùtù, tí yóò ní rárá? Àpọ́nlé ni wọ́n ń ṣe fún un, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìbò."

Ìwé bàbá wí pé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀pá aṣọ wí pé mẹ́tàlélógún. Ohun tí Jẹ́jẹ́ ń kà lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú nìyẹn.

Kò lọ aṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jáde, ó kọrí sí ìdí ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Aránbàtà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ìṣó mẹ́ta há ẹnu, ó ń kan àtẹ́lẹ̀ bàtà obìnrin kan. Lórí ògiri tó kọjú sí i, bébà àtijọ́ ṣì wà. Oòrùn ti pa gbogbo ojú Ààrẹ rẹ́, ó ku eyín. Jẹ́jẹ́ sọ iye aṣọ tó wà lórí ọ̀pá fún un. Ó ní kó bá òun lọ sí ogún ilé péré. Ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀.

Aránbàtà yọ ìṣó lẹ́nu. "Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè mú wọn jáde."

"Ṣé o rántí ọkọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ilé tó ní ilẹ̀kùn búlúù? Ó ti di ẹrù ẹ̀ tán nígbà yẹn, ó fẹ́ wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíì. Èmi ni mo ní kó dúró, pé fèrè ń bọ̀ wá dún. Ó tú ẹrù. Orí àga ló jókòó sí dè é títí ó fi kú. Ẹnu wo ni kí n fi kan ilẹ̀kùn yẹn, Jẹ́jẹ́?"

Èèyàn méjì wá gba bàtà. Bó ti máa ń ṣe fún oníbàárà gbogbo, ì báà jẹ́ ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré, Aránbàtà yí bàtà dojú dé, ó ka orúkọ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, kó tó gbé e fún wọn. Wọ́n lọ tán.

"Bí mo bá fi irọ́ gbà ọ́," ni Aránbàtà wí, "lọ́jọ́ tí mo bá sọ fún ẹ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, kí lo máa fi mọ̀ pé kì í ṣe irú ẹ̀ ni?"

"Mi ò ní kí o nífẹ̀ẹ́ Ààrẹ. Mo ní kí o má fi mí sílẹ̀."

Ó kó ìṣó padà sẹ́nu. Òòlù bá a ní àtàǹpàkò, ó sì ń kan bàtà lọ. Jẹ́jẹ́ fi í síbẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn: ẹni tí ọdún mẹ́rin sú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ ti ibi tó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà dé, ó bá ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan lórí tábìlì ìlọṣọ. Kò ní òwú lọ́rùn. Ó mọ̀ ọ́n: bọ́tìnnì kejì rẹ̀, òun ló rán an. Àǹtí ní ọmọkùnrin yẹn ló kàn gbé e sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó ní ṣe lojú rẹ̀ dà bí ẹni tó wá fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. "Mo fẹ́ sọ fún un pé òfin wà, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kọjá," ni àǹtí wí. "Mo wá wo ojú ẹ̀, mo ní kí n panu mi mọ́."

Jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó sá a, ó dúró tì í títí ó fi gbẹ, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlélógún. Kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tọrọ ìyàwó, ṣùgbọ́n ó gbé e kọ́ ipò àkọ́kọ́ lórí ọ̀pá.

Ibẹ̀ ló ti rántí pé òun ò rí aṣọ bàbá òun.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, aṣọ funfun Bàbá Fèrè ló kọ́kọ́ wọlé ní gbogbo àdúgbò. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìlà kékeré kan tó wà lápá. Jẹ́jẹ́ sáré relé kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lórí itan, ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Páálí ló fi tẹ́ inú bàtà náà, àtẹ́lẹ̀ ti lu. Jẹ́jẹ́ ní kó fún òun ní aṣọ funfun, òun á lọ̀ ọ́ kíákíá.

"Ó mọ́," ni bàbá wí. "Fi í sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ó ti rún, Bàbá. Ó ti pẹ́ nínú àpótí."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀."

Kò gbójú sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkàn Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ kì í fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ nípa bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ṣí géètì ilé-ẹ̀kọ́, ibi ìdìbò. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló tò, ìlà náà lọ́ yípo ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Bàbá Fèrè dúró sẹ́nu géètì nínú aṣọ tó wọ̀ lánàá, ó ń kí àwọn tó ń kọjá lọ síbi tiwọn. Wọ́n ń dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀yẹ: àwọn ń bọ̀, Bàbá, àwọn kàn fẹ́ gbé omi lé iná ni, àwọn ti gbọ́. Àǹtí dìbò, ó ní ẹni tó ti jẹ yó á tètè fi àwo sílẹ̀ ju ẹni tí ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwàdà ni. Jẹ́jẹ́ náà tẹ̀ka, tadáwà gbẹ sí àtàǹpàkò rẹ̀.

Ó rí bàbá rẹ̀ tó tò lẹ́yìn èèyàn mẹ́rin ní aago mẹ́sàn-án. Ó wá yà kúrò, ó ní òun rí ẹnì kan tí òun fẹ́ pè. Ní aago mọ́kànlá, ó tún tò, ó tún yà. Ní aago kan, bákan náà. Jẹ́jẹ́ ò ronú sí i. Ìlà ló ń kà. Aago mẹ́ta lù, méjìdínláàádọ́rin èèyàn ló ti dìbò nínú àdúgbò tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ó lọ fara ti ògiri. Ó ń ro bí ọjọ́ Ajé ṣe máa rí: ọkọ̀ á gbéra, òun á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun á fi iná sí áyọ́ọ̀nù. Ó ro ọdún mẹ́wàá irú ọjọ́ Ajé bẹ́ẹ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù tí wọ́n á ti géètì, Aránbàtà yọ. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, ó rọra sọ ọ́ pé òun ò wá nítorí Ààrẹ, pé ìtìjú ń pa òun, pé òun ò lè sùn láti Ọjọ́rú.

Bàbá Fèrè rí i. Ojú rẹ̀ là bí ojú àgbẹ̀ tó rí àwọsánmà. Ọdún kan gbáko tí kò fi bá a sọ̀rọ̀, ó gbàgbé rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o máa wá," ló wí. "Wọlé, ọmọ mi, yára, wọ́n fẹ́ tì í."

Aránbàtà kò wọlé. "Ẹ síwájú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi nígbà yẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, màá tẹ̀ ẹ́."

Àgbàlagbà náà ní kó máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ń retí àwọn ará ilé òkè. Kò sí ará ilé òkè kankan lójú ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi tọ́ka síbi tí wọ́n á gbà wá, Jẹ́jẹ́ sì rí àtàǹpàkò rẹ̀ nínú oòrùn. Ó mọ́ tónítóní, kò sí tadáwà níbẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sì ti wà lẹ́nu géètì.

Ohùn Jẹ́jẹ́ ò ròkè. "Bàbá, ilé mẹ́rìnlélógún ló gbé aṣọ wá. Tiwa ò sí níbẹ̀."

Bàbá Fèrè wò ó. Ó wo Aránbàtà. Ó wá wá ibi tó máa jókòó sí, ó rí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tò," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ẹnu mi ni mo fi dúró fún un nílé gbogbo. Ta ló dúró fún èmi? Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn kiri, ẹ̀yin rò pé ìbò ni mò ń wá. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé òun ṣì gbà á gbọ́ ni, kí n lè yá a lò. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní òun gbà á gbọ́."

Jẹ́jẹ́ jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọdún kẹta ló sú ìwọ," ni Bàbá Fèrè wí fún Aránbàtà. "Ọdún kejì ló sú èmi, ọjọ́ tí wọ́n kó ẹ̀rọ lọ. Ìwọ lo lẹ́nu láti sọ ọ́. Ohun tí mo bínú sí nìyẹn."

Agogo ìkìlọ̀ lù. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹni tó bá sáré lè fi wọlé. Aránbàtà ò sáré. Ọkùnrin kan wá, ó fa géètì, ó fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é. Inú ni ìbò méjìdínláàádọ́rin wà. Ìta ni àwọn mẹ́ta yìí wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà á kà á. Ohun tí wọ́n rí, wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, kò sì kan ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Fèrè bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì. Páálí jábọ́ nínú ọ̀kan. Ó na bàtà méjèèjì sí Aránbàtà, kò wo ojú rẹ̀.

Aránbàtà lóṣòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àpótí iṣẹ́. Ó yí bàtà náà wò, ó fi ìka wọn ihò tó wà ní àtẹ́lẹ̀, ó tọ́ ọ wò bóyá á ṣì gba ìṣó. Ó wá ṣọ́ọ̀kì nínú àpò ṣòkòtò, ó rí i. Bí ó ti máa ń bi oníbàárà gbogbo ló bi í: "Orúkọ wo ni kí n kọ sí i?"

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ wà nínú ti bàbá rẹ̀, ó le bí aṣọ tí wọ́n bọ sítáàṣì.

"Kọ 'àna' sí i," ni àgbàlagbà náà wí. "Kí o sì ṣe é tán kó tó di ọjọ́ Ajé. Mi ò lè wọ páálí sin ọmọ mi dé ibùdókọ̀."